Bí o Ṣe Máa Ṣe Iṣẹ́ Ìwádìí Àṣekágbá Nínú Ìmọ̀ Oògùn, Láti Ilé Ìkàwé Dé Láàbù

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fámákọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ oògùn, ló gbà pé ilé ìkàwé ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe tán. Wọ́n á kàwé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á fi kọ orí kejì, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun táwọn ẹlòmíràn ti kọ, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa, ó di láàbù. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi. Nọ́ńbà kan tó kọ̀ tí kò bá tàwọn ẹlòmíràn dọ́gba ló là mí lójú, màá sọ ọ́ tá a bá dé ibi ìṣirò oògùn. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó wà ní ọdún ìkẹyìn, tó ní oṣù mélòó kan lọ́wọ́, tí kò tíì dá ìwádìí ṣe rí.

Ìgbésẹ̀ 1: Wá ìbéèrè kó o tó wá àkọlé

Àkọlé máa ń dùn létí, àmọ́ ìbéèrè lèèyàn lè dáhùn. "Ipa ewéko lórí àìsàn ọkàn" kì í ṣe iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ ìran mẹ́ta ni. Ìbéèrè tó ṣe é ṣe máa ń gba inú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ó máa ń sọ oògùn tó o fẹ́ lò, ibi tó o ti fẹ́ wò ó, ohun tó o máa wọ̀n, àti ohun tó o máa fi wé. Bí àpẹẹrẹ: "Ṣé omi tá a yọ lára ewé yìí máa ń dènà bí acetylcholine ṣe ń mú kí ìfun rat fún pọ̀, ṣé ọ̀nà tí atropine ń gbà dènà rẹ̀ ni òun náà sì ń gbà?"

Tún ìbéèrè yẹn wò. Ohun tí a kò mọ̀ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn ewé náà. Acetylcholine (kẹ́míkà inú ara tó ń mú kí ìfun fún pọ̀), atropine (oògùn tó ń dènà rẹ̀), ìfun rat, gbogbo wọn layé ti mọ̀ tipẹ́. Láti 1904 ni Rudolf Magnus ti ń fi ìfun tí wọ́n yọ kúrò lára ẹranko ṣe ìwádìí. Tí atropine bá ṣiṣẹ́ tí ewé kò ṣiṣẹ́, o ti mọ̀ pé ewé ló kọ̀, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n tó o bá kó ewé tuntun, ẹ̀rọ tuntun àti ẹranko tí ẹnikẹ́ni ò lò rí níbẹ̀ pọ̀, lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú, èwo nínú wọn lo fẹ́ di ẹ̀bi náà rù?

Kó o tó gbé ìbéèrè rẹ lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ, kọ́kọ́ lọ kí ẹni tó ń tọ́jú láàbù. Àwọn ló mọ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó kàn jókòó síbẹ̀ bí ère. Bi wọ́n pé oògùn wo ló wà nílẹ̀, ìgbà wo ni ọjọ́ orí rẹ̀ máa pé, èèyàn mélòó ló ń tò fún ẹ̀rọ kan náà. Mo ti rí àkọlé tó gbayì tó kú ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà, èèyàn mọ́kànlá ló sì fẹ́ ẹ lò.

Ìgbésẹ̀ 2: Wọ ilé ìkàwé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìdí tá a fi ń kàwé nìyẹn, kì í ṣe kí orí kejì lè gùn.

Bẹ̀rẹ̀ láti PubMed, ibi ìkójọ ìwé ìwádìí ìṣègùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ìkàwé ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ló ń bójú tó o, ọ̀fẹ́ sì ni. Má kàn tẹ gbólóhùn gígùn síbẹ̀ bí ẹni ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè. Pín ìbéèrè rẹ sí ẹ̀ka, kó o fi AND so ẹ̀ka mọ́ ẹ̀ka, kó o sì fi OR kó àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ara wọn pọ̀ sínú àkámọ́: (acetylcholine OR carbachol) AND ileum AND rat. Carbachol jẹ́ oògùn tó ń ṣe bí acetylcholine, ileum sì jẹ́ apá ìparí ìfun kékeré. AND máa ń dín èsì kù, OR máa ń mú un pọ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi OR síbi tó yẹ kí AND wà máa rí ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé, orí rẹ̀ á sì fò lọ.

Wo MeSH náà, ìyẹn àtòjọ àkọlé tí PubMed ń lò. Àwọn tó ń ṣètò àkójọ yẹn máa ń lẹ àkọlé kan mọ́ àwọn ìwé tí ọ̀rọ̀ wọn jọ ra, ohun yòówù tí òǹkọ̀wé ì báà pè é. Bí ẹnì kan bá kọ heart attack, tí ẹlòmíràn kọ myocardial infarction, abẹ́ orúkọ kan náà lo máa bá àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè má tíì gba àkọlé tiwọn, torí náà fi ọ̀rọ̀ lásán wá wọn pẹ̀lú. Google Scholar wúlò fún nǹkan kan tí mo fẹ́ràn: tó o bá ti rí ìwé kan tó bá iṣẹ́ rẹ mu gan-an, tẹ ibi tí wọ́n kọ "Cited by" sí. Wàá rí gbogbo àwọn tó ti tọ́ka sí i lẹ́yìn ìgbà náà. Ìwé àtijọ́ kan á sì mú ọ dé ti ọdún yìí.

Gbogbo ìgbà tó o bá wá nǹkan, kọ déètì, ọ̀rọ̀ tó o fi wá a, àti iye èsì tó jáde. Ó máa ń dà bí àṣejù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹta, tí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ pé "Ṣé o wo ti carbachol?", wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé náà mọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rò lọ. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì pẹ̀lú wọn sàn ju ọjọ́ mẹ́ta tó o dá nìkan rìn gbéregbère.

Bó o ṣe máa ka ìwé kan nìyí. Ka àkékúrú rẹ̀. Tó bá kàn ọ́, fo ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é. Lẹ́yìn náà, wo àwọn gíráàfù kó o tó ka ohun tí òǹkọ̀wé sọ nípa wọn, kó o dá ìpinnu tìrẹ ṣe ná. Ìgbà yẹn lo tó lè ka ìyókù. La tábìlì kan sínú kọ̀ǹpútà, ìlà kan fún ìwé kan: ẹranko wo, akọ tàbí abo, mélòó, oògùn wo, ìwọ̀n mélòó, ẹnu ni wọ́n gbà fún un ni tàbí abẹ́rẹ́, oògùn wo ni wọ́n fi wé, kí ló jáde. Tí ìlà bá ti pé ogún, wàá rí ohun tí ẹnì kankan ò kọ sínú ìwé kankan: ibi tí gbogbo wọn ti lo ìwọ̀n kan náà nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ lò ó, ibi tí èsì wọn ti ń takora. Àfo tí o máa dí lè wà níbẹ̀.

Yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti fagi lé ìwé náà. Ní 2020, ìwé àtẹ̀jáde ńlá kan lórí lílo hydroxychloroquine, oògùn ibà kan, fún COVID-19 jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní May 22. Nígbà tó fi di June 4, wọ́n ti fà á yọ nítorí pé kò sẹ́ni tó lè fìdí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ múlẹ̀. Ó ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmì ìfagilé sì wà lára rẹ̀ fún ẹni tó bá wò ó. Fi Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to ìwé tó o kà, tàbí irú rẹ̀ kó ìwé rẹ jọ láti ọjọ́ kìíní. Ohun tí o kò bá kà, má tọ́ka sí i, pàápàá jù lọ àwọn ìwé tí ẹ̀rọ aládàáṣe bá to orúkọ wọn fún ọ. Mo ti rí àtòjọ tó rẹwà tí mẹ́ta nínú ìwé inú rẹ̀ kò sí láyé yìí rárá.

Tó bá ń ṣe ọ́ bíi pé kíkàwé ń fi àkókò rẹ ṣòfò, rántí Tu Youyou ti ilẹ̀ Ṣáínà. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá oògùn ibà, wọ́n sì ti yọ oje ewé qinghao, àmọ́ agbára rẹ̀ ń ṣe ségesège. Ó padà sídìí àwọn ìwé àtijọ́. Nínú èyí tí Ge Hong kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn, ó kà pé kí wọ́n rẹ ewé náà sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu oje rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n sè é. Ó wá rò ó pé iná ló ń ba oògùn náà jẹ́. Ó yí padà sí ether, kẹ́míkà olómi kan tó máa ń hó ní nǹkan bí 35°C péré, ó sì fi yọ oògùn náà. Ní October 1971, oje tí wọ́n kọ nọ́ńbà 191 sí lára pa kòkòrò ibà tó wà lára mouse run pátápátá. Artemisinin nìyẹn, ẹ̀bùn Nobel 2015 sì tẹ̀ lé e. Gbólóhùn kan nínú ìwé ló yí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú láàbù padà.

Tó bá jẹ́ pé ilé ìkàwé nìkan ni iṣẹ́ rẹ

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ní láàbù nínú, ẹni tí wọ́n bá fún ní iṣẹ́ ilé ìkàwé kò kéré sí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ kó má lọ rò pé òun máa kàn kàwé kóun sì ṣàlàyé. Kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀, kọ irú ìwé tó o máa gbà àti irú èyí tó o máa kọ̀, kó o tó wá ohunkóhun. Tó o bá kọ òfin lẹ́yìn tó o ti rí èsì, o ti ń ṣe ojúsàájú. Wá a nínú ibi ìkójọ tó ju ẹyọ kan lọ. Wá ẹnì kejì tó máa bá ọ ṣa àwọn ìwé náà, kí olúkúlùkù dá ṣa tirẹ̀, kẹ́ ẹ tó jọ wo ibi tẹ́ ẹ ti yàtọ̀ síra. Ìlànà PRISMA 2020, tó wà fún irú iṣẹ́ àkójọ ìwé báyìí, ní àwòrán kan tó ń fi hàn pé iye báyìí lo rí, iye báyìí lo kọ̀, àti ìdí tó o fi kọ̀ wọ́n. Ya àwòrán yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí bó o ṣe fẹ́ rántí ìdí tó o fi ju ìwé 140 nù ní oṣù méjì sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 3: Gba ìyọ̀ǹda kó o tó fọwọ́ kan ẹranko

Ohun tó máa ń pẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí, torí náà kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí lára ẹranko ní gbàrà tí ìbéèrè rẹ bá ti dúró. Èsì tó o bá rí kó o tó gba ìyọ̀ǹda ò wúlò fún ọ, bó ti wù kó dára tó.

William Russell àti Rex Burch ló là á sílẹ̀ ní 1959 pé ohun mẹ́ta ni ká bi ara wa: ṣé a lè ṣe é láìlo ẹranko rárá, ṣé a lè dín iye wọn kù, ṣé a lè dín ìrora wọn kù. Ìgbìmọ̀ fẹ́ gbọ́ ìdáhùn tó ṣe pàtó. Fún iye ẹranko, tí kò bá sí ìwádìí ṣáájú tó o lè fi ṣe ìṣirò tó péye, ìlànà kan wà tó rọrùn: kó gbogbo ẹranko jọ, yọ iye ẹgbẹ́ kúrò, kí ohun tó kù wà láàárín 10 sí 20. Ẹgbẹ́ mẹ́rin, rat mẹ́fà mẹ́fà: 24 dín 4, ó jẹ́ 20, ó dára. Mẹ́ta mẹ́ta: 12 dín 4, ó jẹ́ 8, wọ́n kéré jù, wọ́n á kú lásán. Mẹ́wàá mẹ́wàá: 36 ló máa kù, o ti ń fi ẹ̀mí ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ kan lórí LD50, ìyẹn ìwọ̀n oògùn tó máa pa ìdajì àwọn ẹranko tó bá gbà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣì máa ń kọ ìlànà àtijọ́ tó máa ń pa ẹranko rẹpẹtẹ. OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbé ìlànà àyẹ̀wò kẹ́míkà kalẹ̀, ti yọ ìlànà 401 yẹn kúrò láti 2002. Ìlànà 425 máa ń fún ẹranko kan ní oògùn, á dúró wò ó, kó tó kan èkejì, ìwọ̀nba ẹranko ló sì ń lò.

Ìgbésẹ̀ 4: Ṣe ìṣirò oògùn lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń kú láìsí ẹni tó mọ̀.

Ti ẹranko rọrùn. Rat kan wọ̀n 180 gíráàmù, o fẹ́ fún un ní 50 mg/kg. Sọ 180 gíráàmù di 0.18 kílò, sọ ọ́ di ìlọ́po 50, ó jẹ́ 9 mg. Tí omi oògùn rẹ bá ní 10 mg nínú mL kan, 0.9 mL lo máa fà sínú síríńjì. Ṣe é fún ẹran kọ̀ọ̀kan, ní àárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ìwọ̀n ọjọ́ náà. Rat tó wọ̀n 180 lọ́sẹ̀ tó kọjá ti lè di 210.

Ti abọ́ ìfun, tí wọ́n ń pè ní organ bath, ló máa ń dojú rú. Ká ní 20 mL ló wà nínú abọ́, o sì fa 0.2 mL acetylcholine tó jẹ́ 10⁻⁴ M sí i (M ni iye mole oògùn tó wà nínú lítà kan). Ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ni 0.2 jẹ́ nínú 20, torí náà ohun tí ìfun rí ni 10⁻⁶ M. Èyí tó wà nínú abọ́ lo máa kọ sórí gíráàfù, kì í ṣe èyí tó wà nínú síríńjì. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ débi pé mo máa ń wò ó kí n tó wo orúkọ ẹni tó kọ iṣẹ́.

Ó wá kan tèmi. Mo nílò 10 mL atropine tó jẹ́ 10 mM, ìyẹn 0.01 M. Lára ìgò, wọ́n kọ atropine sulfate monohydrate, 694.8, ìyẹn iye gíráàmù tó wà nínú mole kan. Mo sọ 694.8 di ìlọ́po 0.01, mo tún sọ ọ́ di ìlọ́po 0.01 lítà, ó jẹ́ 69.5 mg. Mo wọ̀n ọ́n, mo pò ó, mo lẹ orúkọ mọ́ ọn, ọkàn mi balẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí mo bá wá fi ọ̀nà Schild ṣírò pA2, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára ìdènà atropine ṣe tó, tèmi á fi nǹkan bí 0.3 ga ju ti àwọn ìwé tó wà nínú tábìlì mi lọ. Lónìí 0.3, lọ́la 0.3. Mo dá ìfun lẹ́bi. Mo dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Mo pààrọ̀ ìgò acetylcholine.

Nígbà tó sú mi, mo padà lọ sílé ìkàwé, mo tún ka apá bí wọ́n ṣe ṣe é nínú àwọn ìwé yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀kan, ní ìparí ìpínrọ̀ tí mo ti fò rí, wọ́n ní àwọn ṣírò gbogbo oògùn gẹ́gẹ́ bí base, ìyẹn oògùn náà gan-an nìkan, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí iyọ̀. Mo dìde dúró. Atropine méjì ló so mọ́ sulfate kan. Gbogbo 694.8 yẹn, atropine méjì ló wà nínú rẹ̀, torí náà ohun tí mo pè ní 10 mM, 20 mM ni látọjọ́ yìí. Lọ́gì 2 sì ni 0.3. Ó yẹ kí n wọ̀n 34.7 mg.

Tí nọ́ńbà rẹ bá yàtọ̀ sí ti ìwé lọ́nà kan náà lójoojúmọ́, ìṣirò ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Ìfun kì í ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ka ara ìgò dáadáa: ṣé iyọ̀ ni, ṣé omi so mọ́ ọn, mélòó ni oògùn inú ẹyọ kan. Kí ẹlòmíràn bá ọ tún ìṣirò náà ṣe láìwo tìrẹ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọjọ́ láàbù

Kó o tó ṣe iṣẹ́ gan-an, ṣe àdánwò kékeré pẹ̀lú oògùn tí a mọ̀ nìkan. Tí acetylcholine àti atropine kò bá ṣe ohun tí ìwé sọ lọ́wọ́ rẹ, má tíì ṣí ìgò ewé.

Fún iṣẹ́ ìfun, po omi Tyrode, omi oníyọ̀ tí ìfun máa wà nínú rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Jẹ́ kí iyọ̀ yòókù yòrò tán nínú omi tó pọ̀ kó o tó rọra da calcium chloride sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi náà á funfun bíi pé wọ́n po ẹfun sí i, dídà ló sì kù fún un. Má fi èyí tó ní glucose sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kòkòrò á ti bá ọ mu níbẹ̀. Gé ìfun bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, fi omi fọ inú rẹ̀ jáde láìfipá, so òkè àti ìsàlẹ̀ láìdí ihò rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ìfun tó o bá fà tìpátìpá kò ní dá ọ lóhùn mọ́. Gbé e sínú abọ́ ní 37°C, jẹ́ kí atẹ́gùn máa hó nínú rẹ̀, fún un ní ẹrù bíi gíráàmù kan, kó o sì jẹ́ kó sinmi fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Lẹ́yìn náà, àkókò ni ọba. Oògùn wọlé, ka 30 ìṣẹ́jú-àáyá, fọ̀ ọ́, jẹ́ kó sinmi títí ìṣẹ́jú mẹ́ta á fi pé, fi òmíràn sí i. Má yí ètò yìí padà nítorí pé ebi ń pa ọ́. Tún ìwọ̀n kan náà fi sí i títí èsì méjì á fi jọ ara wọn kó o tó tẹ̀ síwájú. Acetylcholine máa ń yára bàjẹ́, torí náà kó wà lórí yìnyín, kó o sì po tuntun lójoojúmọ́.

Tí ìfun bá dákẹ́, yẹ èyí wò kó o tó bú ẹnikẹ́ni: ṣé omi gbóná dé 37, ṣé atẹ́gùn ń wọlé, ṣé o rántí calcium, ṣé okùn ò há sára ògiri abọ́? Okùn tó há ló pọ̀ jù.

Fún iṣẹ́ ẹranko odidi, ohun tó o gbọ́dọ̀ mọ̀ kò pọ̀, àmọ́ kò ṣe é fò. Ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ gba omi lásán tó o fi po oògùn, ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ gba oògùn tí ayé ti mọ̀. Ṣẹ́ kèké láti mọ ẹran tó máa bọ́ sí ẹgbẹ́ wo. Tó bá jẹ́ pé bó o ṣe ń kì wọ́n mọ́lẹ̀ nínú àgò lo fi ń pín wọn, àwọn tí kò lágbára sáré ló máa wà ní ẹgbẹ́ kìíní. Kí ẹlòmíràn fi A, B, C, D rọ́pò orúkọ oògùn lára síríńjì, kí ìwọ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹran fi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ má mọ èyí tó gba kí ni. Ojú tó ń retí nǹkan máa ń rí nǹkan. Tó bá jẹ́ ewé lo lò, kí onímọ̀ ewéko dá a mọ̀, kí ẹ̀ka kan rẹ̀ sì wà nípamọ́ ní herbarium, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewéko gbígbẹ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà.

Ìwé láàbù rẹ: bírò, kì í ṣe pẹ́ńsù. Déètì lórí gbogbo ojú ewé. Àṣìṣe, fa ìlà kan gba àárín rẹ̀ kó ṣì ṣe é kà. Má ya ewé. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lásìkò tó ń ṣẹlẹ̀, títí kan pé iná lọ ní aago méjì àti pé rat kẹrin gbọ̀n oògùn dànù. Tákàdá pélébé tó o kọ ọ́ sí kó o lè "dà á kọ dáadáa nílé", ẹ̀rọ ìfọṣọ ló máa kà á.

Ìgbésẹ̀ 6: Nọ́ńbà

Ohun tó o fẹ́ fi ṣe ìṣirò, yàn án kó o tó rí èsì. Tó bá ju ẹgbẹ́ méjì lọ, má máa mú wọn ní méjì méjì fi t-test wé ara wọn. ANOVA, ìṣirò tó ń yẹ gbogbo ẹgbẹ́ wò pa pọ̀, ni kó o lò, kí àyẹ̀wò Dunnett sì tẹ̀ lé e tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ omi lásán nìkan lo fẹ́ fi gbogbo wọn wé. Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe é, GraphPad Prism rọrùn, R sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ìfun mẹ́rin tó o gé lára rat kan, rat kan ni. Má kọ n = 4. Mú àròpín wọn, kó o kà á sí ẹyọ kan. Ibi tí àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò ti máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ jù nìyí, wọn ò sì jẹ̀bi. SD (standard deviation) ló ń sọ bí àwọn ẹran ṣe yàtọ̀ síra, SEM (standard error of the mean) ló ń sọ bí àròpín rẹ ṣe dá ọ lójú tó. SEM máa ń kéré ju SD lọ, ìdí tí ọ̀pọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Sọ èyí tó o lò. Fún EC50, ìyẹn ìwọ̀n oògùn tó ń mú ìdajì èsì tó ga jù jáde, àròpín lọ́gì rẹ̀ ni kó o mú.

Èsì tó sọ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́, èsì ni, bí oògùn àfiwé rẹ bá ṣáà ti ṣiṣẹ́. Má lọ yọ ẹran kan kúrò nítorí pé ó ba gíráàfù jẹ́. Tí ìdí bá wà, tó sì wà nínú ìwé láàbù láti ọjọ́ náà, yọ ọ́, kó o sì sọ pé o yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Kíkọ àti gbígbèjà rẹ̀

Kọ apá bó o ṣe ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tó o ń ṣe é. Ìlànà ARRIVE ti 2020 ní àtòjọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ ẹranko. Máa fi sàmì bó o ṣe ń kọ ọ́. Èsì ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àlàyé, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Àkékúrú ló kẹ́yìn. Nínú àlàyé, rat ló gba oògùn, rat ni kó o sọ̀rọ̀ lé lórí. "Ewé yìí ń wo ìgbẹ́ gbuuru sàn" yàtọ̀ sí "ewé yìí dín bí ìfun rat ṣe ń fún pọ̀ kù nínú abọ́". Èkejì lo rí.

Lọ́jọ́ ìgbèjà, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi jù ni "Kí ló dé tó o fi lo ìwọ̀n yìí?" Tábìlì ilé ìkàwé rẹ ló máa dáhùn ìyẹn, torí náà tẹ̀ ẹ́ jáde, kó o mú un dání pẹ̀lú ìwé láàbù. Tí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ pé "Mi ò ṣe ìyẹn, sà", kó o wá sọ bí o ṣe máa ṣe é ká ní àyè wà. Wọ́n á tẹ̀ síwájú.

Tó o bá ti gbèjà rẹ̀ tán, padà sí láàbù lọ́jọ́ kan sí i. Kó ẹ̀dà gbogbo nọ́ńbà rẹ fún ọ̀gá rẹ. Wá gbogbo ìgò tó o pò sínú fíríìjì, kó o bi ẹni tó ń tọ́jú láàbù bí wọ́n ṣe ń da ọ̀kọ̀ọ̀kan nù. Èyí tó bá máa wà níbẹ̀, kọ orúkọ oògùn, agbára rẹ̀, bóyá iyọ̀ ni tàbí base, àti déètì sí i lára. Ìgò aláìlórúkọ kan wà nínú fíríìjì tí mo lò nígbà náà. Ó wà níbẹ̀ kí n tó dé, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó láyà láti lò ó tàbí láti dà á nù.